Ẹ Bi Màmá: Fíìmù abúlé oníṣẹ́ fayolíìnì

Níjọ́sí ni mo kọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ sí ojú ewé yìí nípa Der Geigenmacher von Mittenwald, fíìmù dúdú-àti-funfun tí àwọn ará Jámánì ṣe ní 1950 nípa ọkùnrin kan tó ń ṣe fayolíìnì ní abúlé ẹsẹ̀ òkè. Mo ní ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò mọ̀ pé gbólóhùn kékeré yẹn máa bí lẹ́tà tó tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ níbẹ̀.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi jọ wo fíìmù yẹn. Ọkọ mi ní irọ́ ni, pé kò sí abúlé kankan láyé tí ilé dé ilé á ti máa ṣe fayolíìnì, pé àwọn onífíìmù ló hùmọ̀ rẹ̀. Èmi ní ó ṣeé ṣe. A ti ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Ẹ bá wa dá a. — Ìyá ìbejì

Ẹ sọ fún bàálé yín kó tètè san owó tẹ́tẹ́. Mittenwald wà, mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Munich. Èèyàn á wọ ọkọ̀ ojú irin, á gba Garmisch-Partenkirchen kọjá, nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kó dé ẹnu ààlà Ọ́síríà ni yóò rí i létí odò Isar, tí òkè Karwendel tó ga ju mítà 2,300 lọ dúró lé e lórí. Wọ́n ya àwòrán àwọn ẹni mímọ́ sí ara ògiri ilé wọn níta gbangba. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù àti Pọ́ọ̀lù, ère idẹ kan wà níbẹ̀ láti 1890, ère ọkùnrin tó mú fayolíìnì lọ́wọ́.

Matthias Klotz ni ọkùnrin náà. Ọmọ télọ̀ ni, 1653 ni wọ́n bí i. Ó lọ sí Padua ní Ítálì, ó sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ Pietro Railich láti 1672 sí 1678. Lúùtù, ohun èlò olókùn ayé àtijọ́, ni Railich ń ṣe. Nígbà tí Klotz fi máa padà sílé, nǹkan ti yí padà níbẹ̀. Láti 1487 ni àwọn oníṣòwò Venice ti ń ná ọjà wọn ní Mittenwald. Aṣọ àti èròjà olóòórùn ń kọjá, àwọn ọmọ ìlú ń rù, wọ́n ń sọ̀, owó ń wọlé. Ní 1679, ọjà ọ̀hún padà sí Bozen, ìlú tó ti wá, ìyà sì dé bá ìlú. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni Klotz bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fayolíìnì. Àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ, ọmọ ọmọ kọ́ ọ, aládùúgbò kọ́ ọ. Igi tó yẹ iṣẹ́ náà wà nínú igbó ẹ̀yìn ilé, ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò fi sílẹ̀ sì ṣì wà. Àwọn ọkùnrin á di fayolíìnì sẹ́yìn, wọ́n á máa kiri rẹ̀ láti ilé àwọn mọ́ńkì dé ojú ọjà.

Fayolíìnì tí Mozart ń lò ní Salzburg, ilé Klotz ló ti jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Jakob Stainer, ọ̀gá kan tó gbé ní Absam ní òdìkejì òkè, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ayédèrú ọjà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ bàálé yín ní ẹ̀tọ́ díẹ̀, ẹ dá díẹ̀ padà fún un nínú owó náà. Ẹnikẹ́ni tó bá wo irú fíìmù yìí á rò pé ọ̀gá kan ṣoṣo ló máa ń jókòó ti fèrèsé, tí á gé igi fúnra rẹ̀, tí á gbẹ́ ẹ, tí á kùn ún, tí á sì tà á fún ẹni tó bá wù ú. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ló ń darí Mittenwald. Ilé Baader, ilé Neuner àti Hornsteiner, àwọn ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbẹ́ ẹ nílé, àwọn ló ń fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, sí Rọ́ṣíà, sí Amẹ́ríkà. Ẹnìkan á máa gbẹ́ ọrùn àti orí nìkan, ẹlòmíì á máa ṣe ikùn, wọ́n á sì tò ó pọ̀ níbòmíì. Iye tí oníṣòwò bá dá lé e ni oníṣẹ́ máa gbà. Ìgbà tí iṣẹ́ ọ̀hún ń jó rẹ̀yìn ni Maximilian Kejì, ọba Bavaria, ilẹ̀ tí Mittenwald wà, fi dá ilé ẹ̀kọ́ fayolíìnì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1858. Abúlé oníṣẹ́ fayolíìnì jẹ́ òótọ́. Pé ọ̀gá ara rẹ̀ ni oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni bàálé yín ti lè jiyàn.

Màmá mi, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ fíìmù ni mí. Ohun tí kò yé mi ni pé àwọn èèyàn tí bọ́ǹbù wó ilé wọn ní 1945, kí ló dé tó jẹ́ ewúrẹ́, igbó àti ọmọge onísíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sanwó wò ní 1950? Ṣé ojú kò tì wọ́n ni?

Ìwọ náà, fara balẹ̀. Wọ́n gbìyànjú ìdàkejì rẹ̀ ná. Ní 1946, kò tíì pé ọdún méjì tí ogun parí, wọ́n ti ń ya fíìmù láàárín àwókù ilé ní Berlin, níbi tí àwọn òṣèré ti ń rìn lórí bíríkì gidi tí bọ́ǹbù fọ́. Fíìmù tó dára wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè: ẹni tó bá ń gbé inú àwókù, tó bá ti sanwó ìwọlé, ṣé àwókù náà ni yóò tún fẹ́ wò?

Ní oṣù kẹfà 1948 ni wọ́n pààrọ̀ owó. Máàkì tuntun 40 ni wọ́n kọ́kọ́ kà lé orí kọ̀ọ̀kan, olówó àti tálákà. Láti ìgbà yẹn lọ ni ọjà ti fara hàn nínú ṣọ́ọ̀bù, tí èèyàn sì lè yọ díẹ̀ lápò fún sinimá. Ibo ni wọ́n fẹ́ lọ? Ibi tí bọ́ǹbù kò bà. Kò sẹ́ni tó ju bọ́ǹbù sí òkè Karwendel. Ní 1950 kan náà ni Schwarzwaldmädel jáde, fíìmù aláwọ̀ àkọ́kọ́ tí Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ṣe lẹ́yìn ogun. Ní 1951 ni Grün ist die Heide tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ló wọlé lọ wò wọ́n. Nígbà tó fi máa di 1956, tíkẹ́ẹ̀tì sinimá tí wọ́n tà ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì láàárín ọdún kan ju mílíọ̀nù 800 lọ, kí tẹlifíṣọ̀n tó wá gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kó o tẹ ojú mọ́ ni pé wọn kò dá nǹkan tuntun sílẹ̀ rárá. Fíìmù Mittenwald yìí, láti inú eré orí ìtàgé Ludwig Ganghofer ni wọ́n ti mú un, òun àti Hans Neuert ló kọ ọ́. Ọdún 1920 ni Ganghofer ti kú! Peter Ostermayr, ará Munich, ti sọ ìtàn Ganghofer di òwò rẹ̀ látìgbà tí fíìmù kò tíì lè sọ̀rọ̀, ó ṣe wọ́n lábẹ́ ìjọba Násì, ó tún ń ṣe wọ́n lọ lẹ́yìn ogun. Hans Deppe tó darí Schwarzwaldmädel, òun náà ló darí ọ̀kan nínú ìtàn Ganghofer fún Ostermayr ní 1934. Ìjọba ṣubú, ìlú pín sí méjì, owó yí padà, àwọn wọ̀nyí kò pààrọ̀ ọbẹ̀. Bó o bá ń wá ohun tó yẹ kí ojú ti èèyàn fún, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lọ́dọ̀ ìyá tó lọ jókòó síbi tó gbóná fún wákàtí kan ààbọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ náà bínú. Ní oṣù kejì 1962, àwọn onífíìmù 26 fọwọ́ sí ìwé kan ní Oberhausen pé fíìmù àtijọ́ ti kú. Ọ̀kan nínú wọn ni Edgar Reitz, òun náà ló wá fi ju wákàtí 15 sọ ìtàn abúlé kan ṣoṣo ní agbègbè Hunsrück ní 1984, tó sì fi Heimat, ìyẹn ilẹ̀ ìbí ẹni, sọ ọ́ lórúkọ. Wo ìyẹn tó o bá ráyè. Máa dá a dúró láti jẹun.

Ẹ bá mi wò ó, ṣé olùdarí fíìmù yẹn kọ́ ni mo rí nínú fíìmù ẹlẹ́mìí èṣù kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà? Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ fi àwọn ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ padà. Rudolf Schündler ni. Òṣèré ni kó tó di olùdarí, ó sì tún padà sídìí eré ṣíṣe. Òun ló ṣe Karl, ìránṣẹ́ inú ilé, nínú The Exorcist ní 1973. Nínú fíìmù Mittenwald kan náà, ẹ wo Paul Richter dáadáa: òun ni Siegfried tó pa dírágónì nínú Die Nibelungen tí Fritz Lang ṣe ní 1924. Láàárín méjèèjì, ó ti ṣe eré orí òkè léraléra.

Màmá, gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, àga àti ilẹ̀kùn ni mò ń ṣe. Ẹ ṣàlàyé fún mi: irú igi wo ni wọ́n ń lò, kí ló sì dé tí wọn kì í kan ìṣó mọ́ fayolíìnì? Nǹkan tó ń gbọ̀n tó báyẹn, gúlùú nìkan ló dì í mú?

Ọmọ mi, gbẹ́nàgbẹ́nà ló bí mi, nítorí náà lẹ́tà tìrẹ ni mo kọ́kọ́ kà.

Igi méjì ló ṣe pàtàkì. Iwájú, níbi tí okùn ń gbà kọjá, Fichte (spruce lédè Gẹ̀ẹ́sì) ni wọ́n ń fi ṣe é, igi òkè tútù tí ewé rẹ̀ rí tínrín. Bí òtútù bá mú kó rọra dàgbà, ìlà ara rẹ̀ á súnmọ́ra, á fúyẹ́, síbẹ̀ á le. Ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ọrùn, Ahorn (maple lédè Gẹ̀ẹ́sì) ni, èyí tí ara rẹ̀ máa ń dán gbinrin bí o bá yí i sí ìmọ́lẹ̀. Igi Fichte tó dára, àáké ni wọ́n fi ń là á, kì í ṣe ayùn, kí ojú ibi tó là lè bá ìlà ara igi lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó o sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá mi náà máa ń bá oníbàárà jà lórí igi tútù. Ì bá fẹ́ràn àwọn èèyàn yẹn.

Wọ́n á wá gbẹ́ iwájú náà títí yóò fi ku bíi mìlímítà mẹ́ta péré. Ẹ̀yìn máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ láàárín. Ara rẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 35 àti ààbọ̀ lọ. Ìlà dúdú tó yí etí rẹ̀ ká kì í ṣe ọ̀dà. Yàrà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n gbẹ́, wọ́n sì tẹ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta sínú rẹ̀, kí ibi tó bá sán létí má bàa sán wọ inú lọ. Igi kékeré kan wà nínú ikùn rẹ̀, ó dúró ṣánṣán láàárín iwájú àti ẹ̀yìn láìní gúlùú kankan. Iwájú àti ẹ̀yìn ló fún un mọ́ àárín. Sún un síwájú díẹ̀ báyìí, ohùn fayolíìnì náà yóò yí padà. Iṣẹ́ tó ń lé àgbà sínú ìbínú nìyẹn.

Ní ti ìṣó, ó máa yà ọ́ lẹ́nu: wọ́n máa ń kan án tẹ́lẹ̀. Ní ayé Klotz, ìṣó ni wọ́n fi ń de ọrùn mọ́ ara láti inú. Wọ́n jáwọ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò fún ọrùn. Ìyókù, gúlùú ni, èyí tí wọ́n ń sè láti ara awọ àti egungun ẹran. Kì í ṣe pé ó lágbára ju gbogbo gúlùú lọ ni wọ́n fi ń lò ó. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó ṣeé tú. Omi gbígbóná díẹ̀ àti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, ojú fayolíìnì á ṣí, wọ́n á tún ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ ṣe, wọ́n á tún un lẹ̀. Àga tí ìwọ ń ṣe kò nílò kẹ́nikẹ́ni ṣí i wò lẹ́yìn igba ọdún. Bí wọ́n bá ti kun fáníìṣì sí i lára tán, ìta ni wọ́n ń fi kọ́ sí kí oòrùn lè bá a. Mo rí àwòrán rẹ̀ níbẹ̀: fayolíìnì lórí okùn níbi tí èèyàn ti ń retí aṣọ.

Ẹ̀yin Màmá yìí, ẹ kì í jẹ́ kí nǹkan tó dùn dùn. Ẹ ní fíìmù náà gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ló gbé ojú kúrò lára rẹ̀? Ẹ sọ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ fi wá sílẹ̀ ká wo òkè wa.

Ó dáa, ẹ jókòó.

Mittenwald nìkan kọ́ ni ìlú fayolíìnì tí àwọn tó ń sọ èdè Jámánì ní. Ní Bohemia, tó wà ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì lónìí, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Schönbach. Luby ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí. Fayolíìnì, gìtá àti àpò wọn ni gbogbo agbègbè yẹn ń ṣe. Lẹ́yìn 1945 ni wọ́n lé bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àwọn tó ń sọ èdè Jámánì kúrò ní Czechoslovakia, nítorí ohun tí Hitler àti àwọn tó tẹ̀ lé e ti ṣe sí ilẹ̀ náà. Oníṣẹ́ fayolíìnì bá ẹni tó jẹ̀bi lọ, òun náà kó ẹrù tó lè gbé dání, ó wọ ọkọ̀ ojú irin.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn. Nílé àwọn arúgbó tí mo ti ṣiṣẹ́, ìyá kan wà tó jẹ́ pé irú fíìmù yìí bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, á ní kí n wá ti kẹ̀kẹ́ òun jáde. Mo rò pé ariwo ni kò fẹ́. Lọ́jọ́ kan ló sọ fún mi pé orí fayolíìnì ni bàbá òun fi gbogbo ayé rẹ̀ gbẹ́, èyí tó ká kóróbójó yẹn, òun nìkan, kò ṣe ikùn rí, kò ṣe ẹ̀yìn rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ìyá rẹ̀ rán àwọn irin ìgbẹ́gi kéékèèké mọ́ inú àpò ẹ̀wù, torí pé ẹni tó bá kó irinṣẹ́ lè pàdánù rẹ̀ lẹ́nu àyẹ̀wò. Wọ́n pín wọn ká abúlé tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wọn. Ta ni yóò ra orí lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe ikùn wà ní abúlé kan, ẹni tó ń ṣe ọrùn gìtá sì wà níbòmíì? Iṣẹ́ tí wọ́n ti pín báyẹn, bí àwọn tó ń ṣe é kò bá wà nítòsí ara wọn, ó ti kú nìyẹn.

Ìlú kékeré kan lẹ́bàá Erlangen ló gbà wọ́n, Bubenreuth. Abúlé àgbẹ̀ ni nígbà náà, èèyàn ibẹ̀ kò tó 500. Ní 1949, ìgbìmọ̀ abúlé náà gbà pé kí àwọn ará Schönbach wá kọ́lé sọ́dọ̀ wọn, wọ́n mọ̀ pé àlejò máa pọ̀ ju onílé lọ, ó sì pọ̀ jù wọ́n lọ lóòótọ́. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Höfner tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Schönbach ní 1887 ti tún gbérí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe gìtá báàsì tó rí bíi fayolíìnì, èyí tí Paul McCartney rà ní Hamburg ní 1961, tí gbogbo ayé wá mọ̀.

Ẹ wá fi ọdún méjèèjì síra. Wọ́n ń kọ́ ilé fún ogunléndé oníṣẹ́ fayolíìnì ní Bubenreuth nígbà tí àwọn onífíìmù ń gbé kámẹ́rà lọ sí Mittenwald láti fi iṣẹ́ fayolíìnì ṣe ìtàn, ìpínlẹ̀ kan náà, Bavaria. Wọ́n yan eré orí ìtàgé tí ọjọ́ rẹ̀ ti lé ní 60 ọdún. Mo gbà pé Grün ist die Heide fi ogunléndé láti Pomerania sínú ìtàn tirẹ̀, nítorí náà ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe nígbà náà. Ó ṣeé ṣe. Ó wù wọ́n kí wọ́n má ṣe é ni.

Ẹ máa wo òkè yín o. Èmi náà ṣì ń wò ó. Ṣùgbọ́n èmi ò gbàgbé ẹni tó ní kí n ti kẹ̀kẹ́ òun jáde.

Ẹ káàárọ̀ Màmá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mo ń tẹ fayolíìnì, mo sì ń tún un ṣe fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ṣé ilé ẹ̀kọ́ Mittenwald yẹn ṣì wà? Ṣé wọ́n lè gbà mí?

Ó wà, ti ìjọba Bavaria ni. Ẹ̀kọ́ náà gbà ju ọdún mẹ́ta lọ, ìdánwò oníṣẹ́ ọwọ́ ló máa ń parí rẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó gba èèyàn. Ó máa ṣòro, mi ò ní tàn ọ́: àyè kò pọ̀, èdè Jámánì sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, nítorí náà èdè ni kó o kọ́kọ́ mú ní pàtàkì. Máa ya àwòrán gbogbo ohun tó o bá tún ṣe, kó o sì máa gbẹ́ nǹkan, ìbáà jẹ́ ṣíbí. Ọwọ́ rẹ ni wọ́n fẹ́ rí. Lọ wo ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé fayolíìnì wọn bí o bá débẹ̀. 1930 ni wọ́n ti ṣí i, o máa rí iṣẹ́ àwọn Klotz lójúkojú. Ní ti fọ́ọ̀mù, owó àti ọjọ́ ìwọlé, àwọn gan-an ni kó o kọ̀wé sí, kì í ṣe èmi.